Ọ̀rọ̀ Tí Kalolaine Kò Lè Sọ Lójú Siosaia

Bí wọ́n bá ń ka àwọn obìnrin tí ohùn wọn ń mi ilé ní gbogbo Māngere, àdúgbò tí àwọn ará Tonga pọ̀ sí nílẹ̀ òyìnbó, Kalolaine ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Tó bá bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ á dúró kó rín in tán. Tó bá sín, ajá aládùúgbò á gbó. Ìdí rẹ̀ pàápàá kì í ṣe kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú bọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́hùn-ún. Èmi àti ìdí mi la jọ wọkọ̀, àwa méjèèjì ló fẹ́ jókòó."

Ìdí yẹn ló kọ́kọ́ ń tán lọ. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Ikọ́ ọ̀hún kò pariwo, díẹ̀díẹ̀ ló ń wú u, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ kí ará ilé jí. Ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn àti ẹran inú agolo sè, èyí tí Kalolaine lè jẹ tán kó tún lá ìka, ó di ohun tó ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Lupe, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wò ó títí, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ọsibítù yá."

Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Kókó ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ kókó tó máa ń wú lábẹ́ itan tí egbò bá wà lẹ́sẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú àyà náà, ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ kì í tó o. Ti Kalolaine ti wú. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn, àfi tí wọ́n bá bù díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nà èémí wọlé, wọn ò débẹ̀. Kókó náà ti sá sẹ́yìn, ó ká kò sáàárín ọ̀nà ọ̀fun àti ọkàn, bí adìyẹ tó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Dókítà Prasad, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n bí ní Fiji, wá sọ pé ọ̀nà oúnjẹ ni àwọn máa gbà lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn á ki okùn kan tó rọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Sikáànì kékeré wà lórí okùn náà tó máa ń rí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ọ̀fun. Abẹ́rẹ́ á wá ti inú okùn yẹn jáde, á gba ara ọ̀fun kọjá, á gún kókó náà, á sì fa díẹ̀ nínú rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ní ìbéèrè láti bi í. Wọ́n ní kí Lupe wá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Òyìnbó tí Kalolaine gbọ́ tó ó fi ra ẹran, ó sì tó ó fi bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jà, àmọ́ kò tó ó fi sọ ọ̀rọ̀ inú àyà. Ni ọsibítù bá pe ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè Tonga. Ilẹ̀kùn ṣí, ta ló wọlé? Siosaia.

Bàbá Siosaia ni àbúrò bàbá Kalolaine. Lọ́dọ̀ àwọn ará Tonga, ọmọ ìyá kan náà nìyẹn, kò sí pé ìbátan lásán ni. Arákùnrin kì í sì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ara arábìnrin rẹ̀. Wọn kì í jọ wo tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá kan náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn. Ọkùnrin tó bá rí ibùsùn arábìnrin rẹ̀ lójú fèrèsé, ńṣe ló máa yí ojú sí òkun.

Siosaia dúró lẹ́nu ọ̀nà, etí rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, àbúrò. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń kí yín."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí ọ̀kan nínú wọn sọ fún dókítà: "Ọmọ ìyá mi nìyí, ẹ pe ẹlòmíràn." Kalolaine ní in lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, tí òun bá ní kó jáde, á mọ̀ pé ohun kan wà lára òun tí òun ò fẹ́ kó gbọ́, á sì máa ro ohun náà. Ẹni tó ní kí wọ́n má wo ìdí òun ti pe ojú síbẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Siosaia náà rò tirẹ̀, ó gbé e mì. Ó jókòó, ó kọ ojú sí ògiri níbi tí wọ́n lẹ àwòrán bí a ṣe ń fọwọ́ mọ́, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò fọwọ́ rí láyé.

Dókítà bi í pé, "Ṣé màmá máa ń làágùn lóru, débi pé aṣọ tí wọ́n fi sùn á tutù rin?"

Òógùn, aṣọ ìsùn, òru. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìbéèrè kan! Siosaia wú ikọ́ bíi pé òun gan-an ló ń ṣàìsàn. Ó yí èdè padà, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ń kí yín. Wọ́n ní ṣé ooru kò pọ̀ jù nílé yín?"

"Ó tutù dáadáa. Sọ fún wọn pé Lupe ti ra fáànù."

"Rárá," ni Siosaia wí fún dókítà.

"Ìgbẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ń lọ dáadáa?"

"Wọ́n ní ṣé nǹkan ń lọ dáadáa nílé?"

"Ó ń lọ geere."

"Wọ́n ní ó ń lọ geere."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Kalolaine wo etí àbúrò rẹ̀ tó ti pọ́n bí ata, ó sì mọ̀ pé èyí tí dókítà ń béèrè kọ́ nìyí. Dókítà wo ló máa ń béèrè fáànù? Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré.

"Ta ló ń bá màmá sùn nínú yàrá?"

Siosaia fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú fèrèsé jáde. Opó ni Kalolaine! Ó fọwọ́ di àga mú, ó ní, "Wọ́n ní... wọ́n ní ṣé ẹ gba àlejò sílé?"

"Àlejò kẹ̀? Rárá o."

"Kò sí ẹnì kankan."

Ẹnì kan wà. Meliame wà, ọmọ Lupe, ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Láti ọjọ́ tí Lupe ti padà sẹ́nu iṣẹ́ òru ni ọmọ náà ti ń sùn lórí àyà ìyá rẹ̀ àgbà, lórí àyà yẹn gan-an, kò sì sí alẹ́ tí Kalolaine kì í fi ikọ́ jì í tí wọn á tún jọ sùn padà.

Lupe dé láti ibi iṣẹ́, ó ní, "Màmá, kí ni wọ́n bi yín?"

"Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n bi mí. Gbogbo ẹ̀ ni mo dáhùn."

"Ta ló tú u?"

"Ẹnì kan."

Lójoojúmọ́ kí Lupe tó wọlé láàárọ̀, aṣọ ìsùn Kalolaine á ti wà lórí okùn, yóò máa kán. Tí Lupe bá béèrè, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Obìnrin tí kì í tètè fọ aṣọ tẹ́lẹ̀!

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kó tó kan Kalolaine. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó wọ aṣọ dúdú tó dára jù, ó sì di ẹní ìbàdí tí ìyá rẹ̀ hun mọ́ ìdí, èyí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ọba àti òkú. Nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bronwyn wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe fún un pé bíbọ́ ni wọ́n ní kó bọ́ gbogbo rẹ̀, aṣọ ọsibítù nìkan ni kó wọ̀, kó sì yọ eyín tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. Kalolaine lanu. Siosaia tó tú u lọ́jọ́sí ti sọ pé, "Wọ́n ní kí ẹ múra dáadáa wá." Ó bọ́ ọ, ó wọ aṣọ ọsibítù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, atẹ́gùn sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀: "Kalolaine, o mú ẹní ọba wá fi bo ìdí, ìdí náà ló wá ń gba afẹ́fẹ́ yìí."

Lupe ló ń ṣọ́ ọmọ nílé. Ògbufọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Siosaia náà ni. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Kalolaine, àwọn òyìnbó rò pé oore ni àwọn ṣe. Ó kọ̀, kò wọ inú kọ́tìnnì. Ó dúró lóde, bàtà rẹ̀ nìkan ni Kalolaine ń rí nísàlẹ̀.

Nínú yàrá náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ngaire jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú awò tí a fi ń wo ohun tójú kò lè rí, pẹ̀lú ike kékeré méjì níwájú rẹ̀, oògùn wà nínú ọ̀kan, omi oníyọ̀ tí kì í pa kòkòrò wà nínú èkejì. Bronwyn fín oògùn kan sí Kalolaine lọ́fun kí ibẹ̀ lè kú. Ó korò bí ewúro. Kò pẹ́ tí ahọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àṣà wọn ni pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa aláìsàn sókè, kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́. Dókítà Prasad kà á. Ó ní kókó náà kéré, ohun tí abẹ́rẹ́ máa mú wá kò ní ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, kò ní tó pín sí ọ̀nà méjì. Aláìsàn kò làágùn lóru, kò sẹ́ni tó ń bá a gbé yàrá. Nítorí náà, kí Ngaire kó gbogbo rẹ̀ sínú oògùn tó ń pa ẹran mọ́, kí wọ́n fi wá jẹjẹrẹ. Oògùn yẹn á pa gbogbo kòkòrò tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò kọ́ ni àwọn ń wá.

"Ẹ tú u fún màmá," ni Bronwyn wí.

Ohùn Siosaia gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì wá. "Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní... wọ́n ní torí pé ilé yín kò gbóná, tí ẹ kò sì gba àlejò, àwọn kò ní wá ikọ́ ife. Jẹjẹrẹ nìkan ni àwọn á wá."

Kalolaine dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Kí ló kan ooru ilé pẹ̀lú ikọ́ ife? Ọ̀rọ̀ náà yí lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ooru kọ́ ni wọ́n béèrè. Òógùn ni. Àlejò kọ́. Ẹni tó ń sùn tì í ni. Ẹni tó ń sùn tì í sì wà nílé báyìí lórí ẹní òun, ó ń dúró de àyà òun.

Ó mọ ikọ́ ife. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló pa ní Ha'apai ní Tonga. Wọ́n kọ́ ahéré fún un lẹ́yìn ilé, ife rẹ̀ dá wà lórí òkúta, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọdé máa ń sá kọjá níbẹ̀, Kalolaine wà lára wọn.

Dókítà ti gbé ike tí wọ́n fi ń ṣí ẹnu sílẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárín èrìgì. Kalolaine tu ú jáde.

"Màmá, ẹ farabalẹ̀."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó wá yé Kalolaine níbẹ̀ pé ẹni tó sọ ọ́, ikú ara rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ikú ọmọ ọwọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti nípọn bí ìrọ̀rí, eyín kò sí lẹ́nu. Ó fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un pariwo:

"Siosaia! Ooru kọ́! Òógùn ni! Mò ń làágùn lórí ibùsùn mi, aṣọ ìsùn mi ń rin gbingbin, mò ń bọ́ ọ sílẹ̀ lóru, màá wà níhòòhò! Ọmọ Lupe sì ń sùn láàárín ọmú mi, mò ń húkọ́ sí i lórí!"

Níbi ibùsùn kejì lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọkùnrin kan tó gbọ́ èdè Tonga sọ wẹ́lẹ́ pé, "Jésù o," ẹlòmíràn sì bú sẹ́rìn-ín, ó tètè fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n sọ?" Dókítà béèrè.

Kalolaine rí bàtà Siosaia nísàlẹ̀ kọ́tìnnì. Bàtà náà yí, ó kọjú sí ọ̀nà àbájáde.

"Siosaia." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ń wọ́ bí ti ọ̀mùtí. "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Tú u bó ṣe rí. Má bá mi wọ̀ ọ́ láṣọ."

Bàtà náà dúró. Lẹ́yìn náà ni Siosaia bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ òfìfo ṣa ẹ̀gún. Kalolaine gbọ́ òyìnbó tó tó láti mọ̀ pé kò fo ọ̀kankan. Ó sọ ibùsùn. Ó sọ ìhòòhò. Ó sọ ọmú arábìnrin rẹ̀ ní gbangba, níwájú àwọn àjèjì. Kalolaine fa aṣọ ọsibítù bo ojú, kò kà á sí pé ìsàlẹ̀ ló máa ṣí.

Siosaia kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní, "Dókítà, arábìnrin mi ni wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹ ní kí n bi wọ́n. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́."

Bronwyn jáde lọ bá Siosaia, ó rọra ń bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí Kalolaine sì ṣí ojú, bàtà náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ngaire," ni dókítà wí, "omi oníyọ̀ ni kó kọ́kọ́ bọ́ sí. Ohun tí a kọ́kọ́ fà, ti ikọ́ ife ni."

Wọ́n fi oògùn oorun sí i nínú iṣan, ṣùgbọ́n oorun náà kò wọra dáadáa. Ó rí i bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Okùn náà kọjá lọ́fun rẹ̀, ó ń fà á bíi kó bì. Lójú ẹ̀rọ, nǹkan eérú kan ń rú bí òkun tí òjò ń rọ̀ sí, ọkàn rẹ̀ ń ta pútúpútú lápá kan, kókó náà sì wà láàárín, dúdú, roboto, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán jáde, ó wọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń wọlé, ó ń jáde, ó ń wọlé, bí obìnrin tó ń lẹ aṣọ tó ya. Ní kọ̀rọ̀, Ngaire fi ojú sí awò, ó ní, "A ti débẹ̀. Ẹ tún fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ikọ́ ife ni. Inú omi oníyọ̀ ni wọ́n ti rí i.

Ògbufọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wọ́n láti gbọ́ èsì, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú fóònù, orúkọ rẹ̀ ni 'Ilaisaane. Lupe wà níbẹ̀. Dókítà sọ pé oògùn wà, pé ó máa pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wo ènìyàn sàn. Kalolaine ní òun dúpẹ́. Dókítà wá sọ èyí tó kù, 'Ilaisaane sì tú u bó ṣe rí: ká ní àwọn ti mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ì bá ti ní kí ọmọ náà kúrò nínú yàrá.

Lupe yí ojú sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, ó ní:

"Màmá, ẹ ní ẹ dáhùn gbogbo ẹ̀."

"Siosaia ló tú u, Lupe. O mọ̀ bó ṣe rí."

"Mo mọ̀ bó ṣe rí. Kí ló dé tí ẹ kò ní kí wọ́n pe obìnrin?"

Kalolaine yí ojú sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa gbà wá.

"Gbogbo Māngere ló ń gbọ́ ohùn yín," ni Lupe wí. "Tí adìyẹ wa bá yé, wọ́n á gbọ́. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀ fún ọmọ mi lẹ dákẹ́."

Wọ́n yẹ ọmọ náà wò. Kòkòrò náà ti wọ̀ ọ́ lára, kò tíì sọ ọ́ di aláìsàn. Oògùn olómi kan ni yóò máa mu lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan kí kòkòrò náà má baà jí. Títí tí oògùn Kalolaine náà fi máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ. Ó ń fi ìbòmú wò ó láti ojú fèrèsé, Meliame ń na ọwọ́ sí i, ó ń ké, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Siosaia kò wá. Ọsibítù ní kó lọ sinmi ná, kò sì lè wọlé wá jókòó níwájú arábìnrin tó ti sọ̀rọ̀ ọmú rẹ̀ lójú ayé. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé iṣu wá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín."

"Sọ fún un pé èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì."

"Ó ní ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má gbà."

Ìyàwó náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, Kalolaine fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rín in. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ ohun tí Kalolaine pariwo lọ́sibítù. Bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á dákẹ́. Àwọn ọkùnrin á yẹ ojú wọn. Ó máa ń tẹ̀ síwájú, á di ìbàdí rẹ̀ tó ti gbẹ mú, kò sì sí àwàdà kankan tó wá sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ tí dókítà ní ikọ́ náà kò lè ran ẹlòmíràn mọ́, Lupe gbé Meliame wá, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó gbé ìgò oògùn náà tì í, pẹ̀lú ṣíbí.

"Ẹ̀yin lẹ ó máa fún un."

"Lupe, mi ò tíì fún un rí."

"Ẹ fún un."

Kalolaine bù ú, ó gbé e dé ẹnu ọmọ. Meliame tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ ká jọ bí ti arúgbó, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ àgbà lójú àti láyà. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín Kalolaine ì bá ti fọ́ gíláàsì. Ẹ̀rín náà dé ọ̀fun, ó padà sísàlẹ̀. Lupe dúró lórí wọn, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kò rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò.

Kalolaine kò nu ara rẹ̀. Ẹnu ọmọ ló nù. Ó tún bu òmíràn.